Funfun tó bo ẹnu màmá: ẹ má họ ọ́

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé. Màmá mi, ẹni ọdún 63, ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan funfun bí ògì ti bo ahọ́n wọn. Tí wọ́n bá fi aṣọ nù ún, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. Wọn ò lè jẹ ata mọ́. Aládùúgbò wa ní ká fi káún fọ̀ ọ́. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jọ̀wọ́, káún ò gbọdọ̀ kan ẹnu yẹn, kí wọ́n má sì họ ọ́ mọ́. Abẹ́ funfun yẹn ti bó. Káún á tún bó o sí i.

Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ èyí tí àwa oníṣègùn eyín ń pè ní Candida. Ẹbí ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu ni. Ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹni tí ara wọn le, kì í sì í yọ wọ́n lẹ́nu, torí pé sójà ara ń ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí ìṣọ́ bá dẹ̀ ló ń gbilẹ̀. Kí ló wá dẹ ìṣọ́ ti màmá? Ṣúgà ni mo kọ́kọ́ fura sí: tó bá pọ̀ lẹ́jẹ̀, ó ń dé inú itọ́, ẹnu á sì tún máa gbẹ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Bí ilé ìwòsàn bá ní kí màmá tún ṣe àyẹ̀wò kòkòrò apa sójà ara (HIV), kí ẹnikẹ́ni má bínú. Àrífín kọ́, ẹnu wà lára ibi tó ti máa ń kọ́kọ́ hàn.

Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí dókítà fún wọn ní nystatin, oògùn Candida olómi: ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n yí i ká ẹnu kó pẹ́. Kí wọ́n má dá a dúró lọ́jọ́ tí funfun bá lọ. Kí wọ́n fi ọjọ́ méjì kún un. Ẹ má kàn ra fluconazole, oògùn Candida mìíràn, ní kẹ́mísìtì o! Tó bá pàdé oògùn ṣúgà bíi glibenclamide, ó lè já ṣúgà wálẹ̀ débi tí èèyàn á dákú. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání kí dókítà rí i.

Tí wọ́n bá ń lo eyín àtọwọ́dá, kí wọ́n máa yọ ọ́ sùn. Funfun tí kò bá ṣeé nù kúrò, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí oníṣègùn eyín wò ó. Ṣùgbọ́n tí ọ̀fun tàbí àyà bá ń ro wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ mì, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.