Èsì: Git kọ̀ láti sopọ̀ lẹ́yìn proxy iléeṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù) kọ̀ láti sopọ̀ lẹ́yìn proxy (sáfà alárinà tí íńtánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ń gbà kọjá), ẹnì kan sì ní kẹ́ ẹ pa http.sslVerify, ìyẹn ètò tó ń mú kí Git yẹ ìwé-ẹ̀rí sáfà wò. Ẹ má pa á o, ẹni tó ní kẹ́ ẹ pa á ò ṣe yín lóore. "Unable to get local issuer certificate" tẹ́ ẹ rí yẹn, proxy ló ń fi ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ rọ́pò ti sáfà, Git ò sì mọ ẹni tó fọwọ́ sí i.

Tó bá jẹ́ Windows, tí àwọn IT (òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ yín) sì ti fi ìwé-ẹ̀rí ẹni tó fọwọ́ sí i náà síbẹ̀, àṣẹ yìí á jẹ́ kí Git lo àwọn ìwé-ẹ̀rí tó wà nínú Windows:

git config --global http.sslBackend schannel

Lórí Linux, ẹ gba fáìlì ìwé-ẹ̀rí náà lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ fi http.sslCAInfo tọ́ka sí i.

Password proxy tẹ́ ẹ kọ sínú http.proxy (ètò tó ń sọ àdírẹ́sì proxy fún Git) ńkọ́? Gbangba ló wà nínú .gitconfig, fáìlì tí Git ń kọ ètò rẹ̀ sí yẹn! Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ fi orúkọ nìkan sílẹ̀. Git fúnra rẹ̀ á béèrè ìyókù.