Ṣé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọdún 10 ń ka ìtàn ọmọbìnrin Denmark kan tó fi ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ Júù pamọ́ káwọn Násì má baà rí i. Ṣé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ìyá wa, àròsọ ni ọmọ yẹn, àmọ́ nǹkan tó wà nídìí ẹ̀ ṣẹlẹ̀ gan-an. Lọ́dún 1943, Duckwitz, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba wọn ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, ló tú àṣírí pé àwọn Násì tó ń ṣèjọba Jámánì, tí wọ́n ti gba Denmark nígbà yẹn, fẹ́ wá kó àwọn Júù, làwọn aráàlú bá ń fi wọ́n pamọ́ sílé, sí ọsibítù, sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn apẹja wá ń fi ọkọ̀ kó wọn lọ sí Sweden, èèyàn tó lé ní 7,000 ló là! Àwọn Násì ṣáà ká àwọn Júù kan mọ́ àjà ṣọ́ọ̀ṣì ní Gilleleje, ìlú kan ní Denmark. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìyẹn náà fún un.