Ìdérí differential fún Wrangler JK: etí ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ ní Jeep Wrangler JK lẹ fẹ́ máa fi gun àpáta ní Moab, ní ìpínlẹ̀ Utah l'Amẹ́ríkà, ẹ sì ń béèrè bóyá ìdérí aluminiọ̀mù tó ní fínì (etí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tu ooru) ló dáa fún differential rẹ̀, ìyẹn àpò jíà tó wà lára áàsì, ni, tàbí irin. Irin ni. Fínì wúlò fún mọ́tò tó ń fa tírélà lójú títì gígùn, níbi tí ọ́ìlì ti ń gbóná gan-an. Lórí àpáta, jẹ́jẹ́ lẹ ó máa rìn, ooru kọ́ ni ìṣòro yín níbẹ̀. Òkúta ni, aluminiọ̀mù sì máa ń sán bí òkúta bá gbá a dáadáa.

Ìdérí tó bá mọ́tò wá jẹ́ irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ti iwájú kọjú síwájú, nítorí náà bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè ló ń pàdé òkúta. Ti ẹ̀yìn kọjú sẹ́yìn, ìgbà tí mọ́tò bá yọ̀ padà tàbí tẹ́ ẹ bá ń rìfáàsì ló ń jìyà. Nínú méjèèjì, etí ìsàlẹ̀ ni òkúta kọ́kọ́ ń mú, á sì ká a sókè bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí agolo sàdíìnì. Ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bó bá jẹ́ àárín ló tẹ̀ wọnú, crown, ìyẹn jíà ńlá tó ń yí nínú differential, á máa ha á lára.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó wo bí ojú rẹ̀ ṣe nípọn, ẹ wo ìsàlẹ̀. Ṣé etí náà nípọn, tó sì dà gẹ̀rẹ́ débi tí òkúta á fi yọ̀ kọjá lára rẹ̀? Ṣé orí bóòtì wọnú ihò, àbí ó yọ síta? Bóòtì tó yọ síta ni òkúta máa ń bẹ́ lórí, ẹni tó bá sì ti yọ kùkùté bóòtì rí mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Àléébù kan ni pé ẹrẹ̀ máa ń kún ihò tí bóòtì wọ̀ sí, ẹ ní láti fi ìṣó họ ọ́ kúrò kí sípánà tó lè wọlé.

Oríṣi irin méjì ló wà lọ́jà. Ti àkọ́kọ́ ni irin tí wọ́n dà: ẹ béèrè bóyá ductile tàbí nodular ni (irin dídà tó lè tẹ̀ díẹ̀ kó tó fọ́), torí irin dídà lásán máa ń fọ́. Èkejì ni pátákó irin tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì pọ̀. Ó lágbára, àmọ́ iná wẹ́ẹ̀dì lè ká a, kó má tẹ́jú mọ́. Ẹ gbé e sórí gíláàsì, kẹ́ ẹ fi feeler gauge (àwọn ewé irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) yẹ etí rẹ̀ wò yíká; bí ewé tó nípọn tó mílímítà 0.25 bá wọlé, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ductile ni mo fara mọ́.

Rubicon, ìyẹn JK tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà tó le jù, ní áàsì Dana 44 níwájú àti lẹ́yìn. JK yòókù ní Dana 30 níwájú, Dana 44 lẹ́yìn, ìdérí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti JL, Wrangler tó rọ́pò JK, kò bá JK mu. Kẹ́ ẹ tó sé e pa, ẹ lẹ amọ̀ rírọ̀ sínú ìdérí níbi tí crown ń gbà kọjá, ẹ dè é láìsí gọ́ọ̀mù, ẹ yí táyà lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá tú u wò. Èmi kì í gbà kí àyè náà dín ní mílímítà 3. Lẹ́yìn náà, ẹ yí sitiárì dé òpin lápá méjèèjì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí áàsì gòkè tán: tie rod àti track bar (àwọn ọ̀pá tó dábùú iwájú mọ́tò) máa ń kan ìdérí tó bá yọ jù.

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ihò ìbuọ́ìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, ṣáájú ohunkóhun. Bó bá ti le pa tẹ́ ẹ sì ti da ọ́ìlì nù, mọ́tò ò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ àti ọ̀dà kúrò létí méjèèjì títí irin á fi hàn, ẹ fi brake cleaner nù ún. Gọ́ọ̀mù RTV (gọ́ọ̀mù sílíkónì tó ń dí jíjò) tó nípọn bíi mílímítà 3 sí 6 ti tó, kó gba apá inú ihò bóòtì yípo. Bóòtì mẹ́wàá ló wà. Ẹ fún wọn le, bẹ́ ẹ bá ti fún ọ̀kan kẹ́ ẹ bọ́ sí èyí tó kọjú sí i, títí dé 30 ft-lb, ìyẹn nǹkan bíi 41 Nm. Bí ìdérí tuntun bá nípọn ju ti àtijọ́, bóòtì àtijọ́ á kúrú, á sì já eyín inú hausin, ìyẹn agbárí irin tí ìdérí dé. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó bu ọ́ìlì.

Ọ̀pọ̀ ìdérí tó jinlẹ̀ ló ní ihò ìbuọ́ìlì tó ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Bẹ́ ẹ bá bù ú títí ó fi yọ lójú ihò yẹn, ó ti pọ̀ jù: á máa tú jáde lójú breather (ihò tí áàsì fi ń mí), á sì máa wá ojú síìlì áàsì jáde dé bíréèkì. Kẹ́ ẹ tó tú ìdérí àtijọ́, ẹ wọn bí ihò rẹ̀ ṣe ga sí láti ìsàlẹ̀ hausin, ibẹ̀ ni kí ọ́ìlì tuntun dé. Bẹ́ ẹ bá wa mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà wò ó lábẹ́. Ọ́ìlì GL-5, ìyẹn ọ́ìlì jíà tí differential ń lò, ní òórùn imí ọjọ́, ẹ ó gbóòórùn jíjò kẹ́ ẹ tó rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Hilux ní Nàìjíríà, ẹ má ra ìdérí kankan fún áàsì ẹ̀yìn. Iwájú ni differential rẹ̀ ti ń jáde, ẹ̀yìn hausin náà ti di pa láti ilé iṣẹ́. Irin ìgbèjà tí wọ́n ń wẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn lẹ ó wá, kí wẹ́dà sì máa wẹ́ẹ̀dì ín díẹ̀díẹ̀, kó máa dúró kó tutù, kí hausin má bàa ká.