Kí ni «ọ̀kẹ́» nínú kíka owó, níbo ló sì ti wá?

Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Àpò ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, iye owó ẹyọ tó ń wọ inú rẹ̀ ló wá di nọ́ńbà.

Nígbà tí owó ẹyọ ṣì ń ná, 40 ẹyọ ni wọ́n ń sin sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ egbàá (2,000), egbàá mẹ́wàá sì kún àpò, ìyẹn ọ̀kẹ́. Ẹrù orí gidi ni!

Lẹ́yìn tí owó ẹyọ kásẹ̀ nílẹ̀, nọ́ńbà náà dúró. Ìdí nìyẹn tí mílíọ̀nù kan fi ń jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́, torí 50 lọ́nà 20,000 ni. ₦300,000 jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn fi ọ̀kẹ́ kan pe mílíọ̀nù kan. Ó ti fi 980,000 dín in kù.

Àmọ́ «ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn» kì í ṣe ìṣirò. Ohun tó pọ̀ kọjá kíkà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀kẹ́ ṣì lè jẹ́ àpò ẹrù lásán, láìsí nọ́ńbà kankan nínú rẹ̀.