Iná tráfíìkì àti afẹ́fẹ́: kí ló pa wọ́n pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Amẹ́ríkà ní ìlú àwọn ń tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ láti tún iná tráfíìkì ṣe, pé torí káfẹ́fẹ́ lè mọ́ ni. Ṣé òótọ́ ni? Òǹkàwé yín, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni o. Àtọdún 1991 ni wọ́n ti ní owó kan tí wọ́n ń pè ní CMAQ, ìyẹn owó láti dín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́tò kù kí afẹ́fẹ́ sì mọ́, ìlú tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò tíì mọ́ tó bí òfin ṣe fẹ́ ló wà fún jù, wọ́n á kọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe sílẹ̀, wọ́n á ṣírò bó ṣe máa dín èéfín kù, ìjọba àpapọ̀ sì sábà máa ń gbé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á wá ìyókù fúnra wọn. Wọ́n lè fi ra bọ́ọ̀sì àbí kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ fi fẹ ọ̀nà káwọn tó ń dá wa mọ́tò kàn lè pọ̀ sí i, èyí sì dùn mọ́ mi gan-an.

Ti iná tráfíìkì yẹn, mọ́tò tó dúró tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò kú, epo ló ń jó lásán. Ẹ wo Old Garage nírọ̀lẹ́, kórópe, ọ̀kadà, màrúwá, gbogbo wọn á máa tu èéfín, ìyá tó ń sun àgbàdo létí títì ló sì ń fà á símú. Tí iná oríta kan bá ń tẹ̀lé ti èkejì láti fún mọ́tò lọ́nà, mọ́tò á máa lọ láìdúró lemọ́lemọ́.

Níbí, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò mọ́tò tó ń lo CNG, ìyẹn gáàsì dípò epo bẹntiróòlù, lọ́dún 2023, àmọ́ ọ̀wọ́n epo ló fà á jù. Mo fẹ́ káwọn aláṣẹ Ọ̀ṣun náà kọ tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n fi ti afẹ́fẹ́ ṣáájú, kí wọ́n gbé e lọ sí Àbújá.