Èsì: Ìwé ọ̀fẹ́ tí kò hàn lórí Kindle

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́ o, Mọ̀mí. Ẹ ní ẹ fi wáyà kó ìwé Project Gutenberg (ìkànnì ìwé ọ̀fẹ́) sórí Kindle (ẹ̀rọ ìkàwé Amazon) fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ nílé, ẹ ò sì rí ìkankan. Kindle yín ò bàjẹ́ rárá. Fáìlì ìwé EPUB tí a bá fi wáyà gbé wọ inú rẹ̀ kì í hàn ni. Ẹ gbé e gba ìkànnì Send to Kindle ti Amazon; kó má ṣáà ti ju 200 MB lọ. Amazon á bá yín yí i padà, ẹ tan Wi-Fi kó lè wọlé. Bí ẹ ò bá fẹ́ lo Wi-Fi, ẹ fi Calibre, ètò kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sọ EPUB di AZW3 (irú fáìlì tí Kindle ń ṣí) lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó fi wáyà gbé e sínú fódà "documents".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi PDF dá ọmọ lágara. Lójú Kindle kékeré, lẹ́tà rẹ̀ á rí wínníwínní; bí ọmọ bá fẹ̀ ẹ́, ìlà á sá kúrò lójú, á máa fà á sọ́tùn-ún sósì.

Ìwé àwòrán Yorùbá tó wà ní ìkànnì African Storybook dára púpọ̀ fún àwọn kékeré, ṣùgbọ́n fóònù ni kí ẹ fi ṣí i: Kindle aláwọ̀ dúdú-òun-funfun á pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́.