Àjọ mi àti ETF

Ìbéèrè: Àjọ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọmọ mi ní kí n fi ra ETF. Ṣé kì í ṣe gbájúẹ̀? — Oníwàrà, Ọjà Ọba, Ìlọrin

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, ìyá mi. Kì í ṣe gbájúẹ̀ o. Ẹ wo abọ́ ata tí wọ́n ń pàtẹ: tòmátò díẹ̀, tàtàṣé méjì, rodo, àlùbọ́sà kan. Tòmátò kan jẹrà, ọbẹ̀ ò tíì bàjẹ́. Bí ETF ṣe rí nìyẹn: ẹyọ kan, ìpín ilé-iṣẹ́ púpọ̀ nínú. Stanbic IBTC ETF 30 ń tẹ̀lé ilé-iṣẹ́ 30 lórí ọjà ìpín Nàìjíríà: bí iye ìpín wọn bá lọ sókè tàbí sílẹ̀, tiẹ̀ náà á bá a lọ. Àwọn ETF kan ò tẹ̀lé ilé-iṣẹ́: iye wúrà ni èyí tó ń jẹ́ NewGold ń tẹ̀lé. Alágbàtà ìpín ló ń bá èèyàn rà á. Wọ́n ń yọ owó ìtọ́jú, iye ẹ̀ sì lè já (tèmi já rí, mi ò sùn!). Owó wàrà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má fi kàn án.